Àga Kékeré Inú Bàálù Ike

Ìyá Oishi kì í parọ́. Ohun tí gbogbo abúlé fi ń yìn ín nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti orí òkè títí dé etí odò Abe ní ilẹ̀ Japan, òun ni wọ́n ń bẹ̀ ní alárinà. Kì í parọ́; ó kàn mọ ibi tó yẹ kí òtítọ́ ti dúró ni. Nígbà tó mú fọ́tò ọkùnrin kan wá sílé Genzo Kakizawa ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1967, ó ní Mochizuki Nobutaka lorúkọ ọkùnrin náà, pé ó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kì í mutí yó, ìyá rẹ̀ nìkan ló kù fún un láyé, ó sì ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ike kan nílùú Shizuoka.

"Ike," ni Genzo wí, bí ẹni tó ń tọ́ tíì wò kó tó ra á.

"Ike ni, bàbá Sumie. Ayé ti di ti ike báyìí."

Genzo mi orí. Garawa àti abọ́ ìfọṣọ ló wá sí i lọ́kàn. Ìyá Oishi rí i pé ohun tó wá sí i lọ́kàn nìyẹn. Ó bu tíì rẹ̀ mu, ó sì yí ọ̀rọ̀ sórí òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀.

Sumie wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó ń gbọ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ní òkè yẹn, obìnrin tó bá dé ọjọ́ orí yẹn láìlọ́kọ dà bí ewé tíì tí wọn ò já lásìkò: kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sáré sí i mọ́. Òun nìkan lọmọ tó kù nílé náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Shigeharu, ti bá Ogun Àgbáyé Kejì lọ. Ní ìgbà ìrúwé tí ogun ń parí lọ, wọ́n fi í sínú bàálù ogun ní pápá kan ní gúúsù, ó fò lọ sórí òkun, kò sì padà. Kò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Sumie kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta.

Fọ́tò ẹ̀gbọ́n yìí ló wà lórí pẹpẹ tí wọ́n fi ń rántí àwọn òkú ilé, fìlà awọ àwọn awabàálù lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo ibì kan lẹ́yìn ẹni tó ń wò ó. Láràárọ̀, ife tíì àkọ́pọn, tirẹ̀ ni. Bí Sumie bá ṣe dáadáa níléèwé, wọ́n á ní kó lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ó bá rẹ́rìn-ín jù, ìyá rẹ̀, Tome, á kàn gbójú sókè wo pẹpẹ, ẹ̀rín náà á sì kú fúnra rẹ̀. Genzo ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ ogun rárá. Bí bàálù èrò bá ń kọjá lórí oko, á dúró, á dojú kọ ilẹ̀ títí ariwo rẹ̀ á fi tán, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọmọ àbúrò Genzo ni wọ́n ti fà kalẹ̀ pé yóò gba oko tíì wọn. Ohun tó kù fún Sumie ni kó lọ sílé ọkọ.

Nílé Ìyá Oishi ni wọ́n ti kọ́kọ́ fojú kan ara wọn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, etí rẹ̀ tóbi ju bó ṣe hàn nínú fọ́tò lọ. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ni Sumie ń wò: irin ti gé e níhìn-ín, iná ti jó o lọ́hùn-ún, eruku irin sì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ tí ọṣẹ kò lè mú kúrò. Ìyá rẹ̀ àti ìyá Nobutaka sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà àti nípa ooru tó ń mú. Nígbà tó yá, Ìyá Oishi ní kí àwọn ọmọ lọ wo igi èso tó wà lẹ́yìnkùlé, èyí tí kò ní ohun kan tí ẹnikẹ́ni lè wò lára rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Nobutaka ti bi í pé, "Ṣé wọ́n sọ iṣẹ́ mi fún yín?"

"Wọ́n ní ike ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ sí i. Táyà kan ló wà níbẹ̀, kò ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ìlà ara táyà ló pé sí i. Ó ní táyà bàálù ogun ni. Ó ṣàlàyé pé òun ló ń gbẹ́ àwọn irin mọ́ọ̀dù tí wọ́n ń da ike gbígbóná sí, tí ìyẹ́, ìrù àti ara bàálù fi ń jáde ní wẹ́wẹ́. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí, ẹni tó bá rà á á fi gọ́ọ̀mù tò ó pọ̀ nílé ara rẹ̀. Bó ti ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú Sumie, àfi bí ẹni pé ohun tí Sumie máa sọ ṣe pàtàkì fún un ju ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ lọ.

Ibẹ̀ ló yẹ kí Sumie ti sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo táyà náà pẹ́. Ohun tó sọ ni pé, "Ó rẹwà."

Ọjọ́bọ̀ ni Sumie máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní aṣọ rírán. Láti ìgbà náà lọ, bó bá ti parí, á bá Nobutaka nídìí ilé oúnjẹ ìyá àgbà kan tó ń ta oden, ìyẹn ẹyin àti ẹja lílọ̀ tí wọ́n gún mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ń sè nínú omi ọbẹ̀ dúdú láti àárọ̀. Wọ́n á jẹun, wọ́n á rìn yíká omi tó yí ọgbà ààfin àtijọ́ ká, wọ́n á sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Nobutaka sọ fún un pé ọmọ ọdún mẹ́jọ lòun nígbà tí iná bọ́ láti ojú ọ̀run tó sì jó Shizuoka run. Inú odò Abe lòun àti ìyá òun dùbúlẹ̀ sí. Ṣáájú ọjọ́ náà, orí òrùlé lòun máa ń wà, tí òun ń wo bàálù.

"Ó máa ń dùn mí pé wọ́n rẹwà," ló wí. "Ó yẹ kí ohun tó ń pa èèyàn burẹ́wà, kí èèyàn lè tètè mọ̀ kó sì sá fún un."

Sumie kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ogun. Nílé tiwọn, ogun kò ní ẹwà kò sì ní ìdọ̀tí, fọ́tò nìkan ló ní. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà gun òkè lọ sílé, ó sì gbé e sùn. Ó mọ̀ pé òun ti ń fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ó sì mọ̀ pé òun ń fi nǹkan pa mọ́ fún un, òun sì ń fi nǹkan pa mọ́ fún àwọn òbí òun. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni òun máa là á. Ọjọ́bọ̀ náà á dé, á sì kọjá.

Nobutaka ló là á láìmọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó ní bàálù tí òun ń gbẹ́ lọ́wọ́ báyìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní Hayabusa, ìyẹn àṣá. Ó ní òun rin ìrìn àjò lọ síbi tí ògbólógbòó rẹ̀ kan wà nínú àká kan, pé wọ́n gba òun láàyè kí òun wọ inú rẹ̀ jókòó, kí òun lè wọn àga rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Sumie rọra gbé igi oden ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Irú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi gbé lọ nìyẹn."

Nobutaka bi í pé, "Ó padà?"

"Kò padà."

Ìyá àgbà náà bi wọ́n bóyá oúnjẹ ti tutù ni. Wọ́n ní kò tutù. Lẹ́yìn náà Nobutaka béèrè bóyá àwọn òbí rẹ̀ mọ̀ pé bàálù ogun ni òun ń ṣe, Sumie sì dáhùn pé ike ni wọ́n mọ̀. Ọkùnrin náà kò bínú. Ì bá sàn fún Sumie ká ní ó bínú. Ó kàn ní òun máa gòkè lọ sọ fún wọn kí ọ̀rọ̀ ìdána tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí Ìyá Oishi bá wa sọ ọ́," ni Sumie bẹ̀ ẹ́. "Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú rẹ̀."

"Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó jẹ́ òun."

Ó wọ kóòtù tó dára jù tó ní, ó gbé páálí àkàrà dídùn kan dání, ó sì gòkè. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹní, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó sọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sọ orúkọ bàálù náà, ó ní òun kò mọ̀ nípa Shigeharu nígbà tí òun kọ́kọ́ wá, pé ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò wo Sumie nígbà tó sọ èyí. Genzo gbọ́ ọ títí tó fi parí. Ẹ̀yìn náà ló wá ń fi "ẹ" bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń bá àjèjì tí a kò fẹ́ kó pẹ́ sọ̀rọ̀.

"Èèyàn wà nínú bàálù tí ẹ ń ṣe yẹn?"

"Ó wà, bàbá. Kékeré ni. Ẹni tó bá ra páálí náà ló máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àga."

"Ó lójú?"

"Ó ti kéré jù, bàbá. Kò lójú."

Genzo dìde. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ máa gbé àkàrà wọn lọ, ó wọ bàtà, ó sì gba oko lọ láìwẹ̀yìn. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni fọ́tò Nobutaka padà sọ́wọ́ Ìyá Oishi. Ohun kan ṣoṣo ni Genzo bi ọmọ rẹ̀: ṣé ó mọ̀? Sumie ní òun mọ̀. Kò pariwo lé e lórí. Kò sì bá a sọ ọ̀rọ̀ kankan tí kì í ṣe ti iṣẹ́ mọ́ títí ewé igi fi wọ́ tán.

Alárinà tí ọjà bá padà sí lọ́wọ́ kì í sùn. Ìyá Oishi sọ̀, ó gòkè, ó tún sọ̀. Ó ní garawa gan-an lòun ní lọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀, ó sì wá ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe garawa rí, tí wọ́n ṣe tán láti gba Nobutaka. Nobutaka sì gbà. Létí omi ààfin ló ti sọ fún Sumie pé tó bá di ọdún tuntun, òun á kúrò nídìí bàálù.

Sumie dúró. Òtútù ń mú, èéfín ń jáde lẹ́nu rẹ̀. "Kí o lọ máa ṣe garawa, kí o wá máa wò mí láràárọ̀ bí ẹni tó gba bàálù lọ́wọ́ rẹ? Mi ò fẹ́. Ilé kan tí wọ́n ti ń wo ẹlòmíràn lára mi ni mo ti ń bọ̀. Mi ò ní í kó lọ sínú òmíràn."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é ní ìwọ nìyẹn. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Nobutaka tẹrí ba bí ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan.

"Kí la máa wá ṣe?" ló béèrè.

"Èmi ni màá sọ̀rọ̀. Èmi ni ọ̀rọ̀ kàn, mi ò sì tíì sọ nǹkan kan látọjọ́ yìí."

Àmọ́ kó tó sọ̀rọ̀ nílé, ó kọ́kọ́ bá ara rẹ̀ sọ ọ́. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gòkè, ó bi ara rẹ̀ bóyá ọkùnrin yìí lòun fẹ́ràn ni, tàbí ọ̀nà tí òun á fi jáde nílé tí òkú ti ń jọba. Ìbéèrè náà dẹ́rù bà á, nítorí pé kò rí èsì kíá. Ó ronú kan ọwọ́ Nobutaka, ó ronú kan etí rẹ̀. Ohun tó wá mú un lọ́kàn ni pé bí ọkùnrin náà bá ń bá òun sọ̀rọ̀, òun ló ń wò, kì í wo ohun tó wà lẹ́yìn òun. Bóyá ìfẹ́ lorúkọ ìyẹn, bóyá ó ní orúkọ mìíràn, òun kò fẹ́ gbé ayé láìsí i.

Ní òwúrọ̀ kan lẹ́yìn ọdún tuntun, Tome bu ife tíì àkọ́pọn, ó sì gbé e lé Sumie lọ́wọ́ kó gbé e lọ síbi pẹpẹ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Sumie gbà á, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú kan. Genzo ń jẹ ìrẹsì rẹ̀.

"Bàbá," ni Sumie wí, "mi ò rántí rẹ̀."

Genzo gbé orí sókè.

"Láti ìgbà tí mo ti lè gbé ife ni mo ti ń gbé tíì fún un. Mi ò rántí ohùn rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbé mi rí. Mo ti gbìyànjú títí, bàbá, fọ́tò yẹn ṣáá ni mò ń rí. Ẹ ní kí n fi ẹni tí mo mọ̀ sílẹ̀ nítorí ẹni tí mi ò mọ̀. Mo lè ṣe é, ọmọ yín ni mí. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìbànújẹ́ ló máa mú mi ṣe é. Ìgbọràn lásán ni."

Tome gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

"Ó gbé ọ rí," ni Tome wí. "Ọrùn ló máa ń gbé ọ kọ́ lọ sí oko òkè. Etí rẹ̀ lo máa ń dì mú. Ọjọ́ tó ń lọ, ó ní etí òun máa sinmi." Ó fọwọ́ kan ife náà. "A ò sọ fún ọ. Èmi àti bàbá rẹ pín gbogbo rẹ̀ láàárín ara wa, a ò sì ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọ."

Sumie jókòó sílẹ̀, ó bo ojú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò pẹ̀tù sí i nínú. Ọkọ rẹ̀ ló yíjú sí.

"Bàbá Shigeharu," ló wí, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò fi pe ọkùnrin náà láti ìgbà ogun. "Mo fẹ́ kí ọkùnrin yẹn wá. Ó ní òun jókòó nínú rẹ̀ rí. Mo ní ohun tí mo fẹ́ bi í. Bí ẹ ò bá fẹ́ rí i, ẹ lọ sí oko."

Nígbà tí Nobutaka dé, Genzo kò lọ sí oko. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn oníbébà, ó ń tún apẹ̀rẹ̀ ìjátíì ṣe. Wọ́n ń rí òjìji rẹ̀. Nobutaka tú aṣọ tó fi di ẹrù, ó kó àwọn wẹ́wẹ́ ike aláwọ̀ eérú jáde; wọ́n ṣì so mọ́ igi tí wọ́n bá jáde látinú mọ́ọ̀dù, bí èso tí wọn ò tíì ká. Ó fi ọ̀bẹ gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú Tome. Ó kọ́kọ́ fi àga hàn án, àga kan tí kò tó ẹ̀wà kan. Ó gbé e sínú ara bàálù, ó fi ìhà kejì dé e.

"Shigeharu ga," ni Tome wí. "Bó bá sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ síta. Ṣé ó lè na ẹsẹ̀ níbẹ̀?"

"Ó lè nà án, màmá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń darí ìrù rẹ̀, nítorí náà àyè wà níwájú. Èjìká ni kò ráyè."

"Kí ló máa ń rí?"

"Níwájú, imú ẹ́ńjìnnì ló dí i. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lókè, ojú ọ̀run ni gbogbo rẹ̀."

"Ṣé ó tutù?"

"Bó bá ti lọ sókè, ó tutù gan-an. Wọ́n máa ń wọ aṣọ onírun."

Tome fi ìka kan kan ẹ̀gbẹ́ ibi tí àga náà wà. "Mo hun àwọ̀tẹ́lẹ̀ òwú kan, mo fi ránṣẹ́ sí i ní oṣù tó ṣáájú ọjọ́ tó fò lọ. Ṣé ó máa ti dé ọwọ́ rẹ̀?"

Kò sí ohun tó rọrùn fún ọkùnrin yìí ju kó sọ pé ó dé ọwọ́ rẹ̀ lọ. Nobutaka wo obìnrin náà pẹ́.

"Mi ò lè mọ̀, màmá," ló wí. "Ì bá wù mí kí n mọ̀."

Tome mi orí. Kò sunkún. Ó ní kí Sumie bu tíì fún àlejò, ó sì sún mọ́ bàálù náà kó lè rí i dáadáa. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn Genzo láti ẹ̀yìn bébà.

"Ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ ọ́."

Nobutaka kọjú síbi òjìji náà, ó sì tẹríba fún un.

"Mo ní kí àga yẹn ṣófo," ni Genzo ń wí. "Bí wọ́n bá fẹ́ fi bàálù ṣeré, kí wọ́n fi bàálù ṣeré. Kí wọ́n má fi gọ́ọ̀mù lẹ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́ ọn."

"Kò sí níkàáwọ́ mi, bàbá. Ṣùgbọ́n màá béèrè."

Ó béèrè. Ọ̀gá rẹ̀ fetí sílẹ̀ dáadáa, ó tilẹ̀ káàánú bàbá náà, lẹ́yìn náà ó ní kò ṣeé ṣe. Irin ti di gbígbẹ́, àwòrán páálí ti di yíyà, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọdé fẹ́ràn awabàálù náà ju ìyẹ́ lọ. Ó padà béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀gá náà ní kó má béèrè mọ́.

Nobutaka àti Sumie pàdé nílé Ìyá Oishi láti gbèrò. Òjò ìgbà ìrúwé ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Ìyá Oishi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì ní kò sí wàhálà níbẹ̀. Kí Nobutaka gòkè lọ sọ pé wọ́n ti yọ ọ́ ni. Ṣé Genzo máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré ọmọdé? Títí tó fi máa kú, kò ní í mọ̀. "Ẹ jẹ́ kí bàbá sinmi," ló wí, "kí ẹ̀yin náà sinmi."

Sumie ni Nobutaka wò. "Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

Sumie wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń retí pé kí ọkùnrin náà ti gbà kó tó béèrè, kí ọ̀rọ̀ náà lè má kàn án. Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún kan tí wọ́n ti ń kiri òkè yìí. Ọ̀rọ̀ kan péré, gbogbo rẹ̀ á sì tán.

"Ní ìṣẹ́jú tó kọjá, bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Ní báyìí, rárá."

"Bó bá lé mi lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́?"

"Àwa méjèèjì ló máa jọ lé."

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì gòkè. Genzo wà lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń gbẹ ewé, ó ń wo òjò tó ń rọ̀ sórí tíì tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í já láìpẹ́. Nobutaka dúró ní gbangba, kò bọ́ sábẹ́ òrùlé nítorí pé wọn ò tíì ní kó wọlé.

"Wọ́n kọ̀, bàbá," ló wí. "Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá dé ọjà, awabàálù máa wà nínú rẹ̀."

Òjò ń dún lórí páànù. Genzo wò ó, ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí omi ń kán nírun rẹ̀.

"O lè parọ́ fún mi. Mi ò ní í mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Kí ló dé tí o ò parọ́?"

Nobutaka ronú. "Mo fẹ́ máa wá síbí títí ayé mi. Òkè yìí ga jù láti máa ru irọ́ gùn ún."

Genzo yí ojú padà síbi tíì. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ó dà bí ẹni pé òjò ló ń bá sọ ọ́. "Àwọn tó wá túfọ̀ Shigeharu fún wa mọ ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ní òdòdó ló rẹ̀ dànù nígbà tó lẹ́wà jù lọ. Mo bi wọ́n pé ibo ló bọ́ sí. Wọ́n tún sọ̀rọ̀ òdòdó fún mi. Mo bi wọ́n bóyá ó tètè kú. Òdòdó. Ogún ọdún ó lé, kò tíì sẹ́ni tó wá dúró níwájú mi kó sọ ohun tí kò dáa fún mi bó ṣe rí."

Genzo wá kọjú sí Nobutaka.

"Mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ."

"Mo mọ̀, bàbá."

"Mi ò ní í fẹ́ràn rẹ̀ láé."

"Mo gbọ́, bàbá."

"Bí ọmọ mi bá ṣàìsàn nílé rẹ, bó bá ń sunkún nílé rẹ, ta ló máa sọ fún mi?"

"Èmi ni."

"Kì í ṣe Ìyá Oishi."

"Kì í ṣe Ìyá Oishi."

Genzo sún sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà náà, àyè sì ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lábẹ́ òrùlé. "Wọlé, Nobutaka. Òjò ń pa ọ́. Ẹ jẹ́ ká já tíì tán ná. Lẹ́yìn ìyẹn, kí alárinà yẹn wá mú ọjọ́."

Sumie kò mọ ìgbà tó di apá bàbá rẹ̀ mú. Láti kékeré, kò dì í mú bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá náà kò gba apá rẹ̀ padà.

Ní ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ṣáájú ìyẹn, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bàálù náà ti dé ọjà, awabàálù rẹ̀ sì wà nínú páálí pẹ̀lú rẹ̀. Genzo kò fọwọ́ kàn án. Tome ní tirẹ̀ lọ sí ìlú, ó dúró níta ṣọ́ọ̀bù kan, ó wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó sì wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ ìtàn mìíràn nípa Shigeharu fún Sumie, bó ṣe já bọ́ látorí igi ọsàn aládùúgbò tó sì ní afẹ́fẹ́ ló ti òun. Genzo tún un ṣe, ó ní kì í ṣe afẹ́fẹ́, ẹyẹ ló ní ó ti òun. Àwọn òbí náà jiyàn lé e lórí títí tíì fi tutù.

Ọdún lọ, ọdún bọ̀. Nígbàkigbà tí tíì bá ti tó já, Genzo á ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, Nobutaka á gòkè wá, àwọn méjèèjì á jọ máa já tíì ní ẹ̀gbẹ́ kan náà láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ kan tí oníṣòwò tuntun kan wá ra ewé, ó rí Nobutaka tó gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó sì bi Genzo bóyá àgbẹ̀ ni àna rẹ̀.

"Rárá," ni Genzo wí. "Bàálù ogun oníke ló ń ṣe, èyí tí àwọn ọmọdé ń tò. Ìranù gbáà ni." Ó gbé apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ kọ́ èjìká. "Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi."